Ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà Tí O Dì Mú Nínú Lífítì

Pákò,
Igbó-Ọrà.

Kẹ́hìndé Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, nítorí ó gùn. Mo ti rí i pé bí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ rán àwọn dírẹ́bà sí ọ, ìdajì ni wọ́n ń jẹ́, wọn a sì fi tiwọn dí ibi tó kù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ eléyìí. Bí àwọn ọ̀rọ̀ kan bá dúró ṣánṣán tí àwọn mìíràn sì dùbúlẹ̀, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, ìwọ àti Táíwò a sì máa sùn lé mi lẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń kọ́ ọ.

Ara wa le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Táíwò wá láti Èrúwà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti sanra, ó ní ọkọ òun ló ń bọ́ òun yó. Ẹ̀gúsí ọdún yìí so dáadáa. Adìyẹ tí a gbé wá fún ọ̀gá rẹ, ìyá rẹ̀ ti tún pa ọmọ mìíràn. Gbogbo ilé ló ń kí ọ. Ti ẹnì kan ṣẹ́kù, o mọ ẹni náà, mo sì máa dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lásísì, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ, wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun wá, ṣùgbọ́n èmi kò bá a ṣèlérí kankan. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ o. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kò lè jẹ iyán tí mo gún fún un, òkèlè kan náà ló ń yí ká inú àwo. Ó ní o kì í jẹun mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ lo fi ń gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ títí dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì keje tí ọ́fíìsì rẹ wà, nítorí o kò fẹ́ fojú kan lífítì tó ń gbé yín lọ sókè mọ́, àti pé o ń sọ pé wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tún ní o sọ pé bí Bàbá Àgbà kò bá ní jókòó gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ níwájú lèmọ́mù láti fi ọ́ fún ọkọ, kí a kúkú pa ọ̀rọ̀ yìgì náà tì, nítorí o kò ní lọ sílé ọkọ bí ẹni tí kò ní ẹnìkan.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti mú bàbá yín lọ, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ni ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ní bàbá. Òun ló máa ń gbé yín lé èjìká lọ́jọ́ Iléyá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ lè rí àwọn ẹlẹ́ṣin. Mo mọ ohun tí o ń sunkún sí. Ṣùgbọ́n o ń sunkún bí ẹni tó ṣe ohun burúkú, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ọ jà díẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ojú mi ṣe rí i, nítorí ó dà bí ẹni pé ẹkún ti bo tìrẹ mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti rí iṣẹ́ yẹn ni Bàbá Àgbà ti ń sọ pé ìtìjú ńlá ni kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ẹbí rẹ̀ má lọ dúpẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣa iṣu ní oko Tápà. Ó yọ gbogbo èyí tó wọ́ sọ́tọ̀, ó ní kí ọ̀gá má lọ rò pé iṣu ilẹ̀ wa máa ń wọ́. Ó ra bàtà tuntun ní ọjà Láńlátẹ̀, bàtà aláwọ pupa tó ń dún kò-kò-kò bí ó bá ti ń rìn. Láti ibí títí dé Ìbàdàn, orí itan ló gbé e lé nínú mọ́tò kí eruku má bàa bà á. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ ló tó wọ̀ ọ́, tí ó wá ń rìn níwájú wa kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Nígbà tí a dé ilé iṣẹ́ rẹ, tí ilẹ̀kùn lífítì ṣí fúnra rẹ̀, mo wo inú rẹ̀. Ó ń dán, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju orí ibùsùn mi lọ. Bí Bàbá Àgbà ṣe tún bọ́ bàtà nìyẹn. Ó gbé e sábẹ́ abíyá bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ọkùnrin kan tó de táì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. O wo ọkùnrin náà lójú títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo rí ọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yìn ọ́ fún nìyẹn, pé o kò fi wá tijú. Àwa gbé iṣu, a gbé adìyẹ nínú agbọ̀n, èlùbọ́ wà lórí mi, ìwọ sì dúró láàárín wa nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ tó mọ́ nigín-nigín, ò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Bàbá mi nìyí. Màmá mi nìyí."

Ó gbé wa, mo ń ka Fátíà lábẹ́ ètè. Kò pẹ́ ni ó ṣe gbì, iná kú, ó sì dúró. Adìyẹ figbe ta. Òkùnkùn ibẹ̀ pọ̀ débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Ọkùnrin onítáì yẹn ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn, obìnrin kan tó gbé fáìlì dání ń ké pé afẹ́fẹ́ máa tán, pé a máa kú síbẹ̀. Èmi náà ti gbà pé ó parí nìyẹn. Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Kò ga, kò sì gbọ̀n.

O ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Iná ló lọ. Kò ní já, okùn irin tó so ó rọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Afẹ́fẹ́ ń wọlé látòkè, kò ní tán. Màmá, ẹ sọ èlùbọ́ kalẹ̀ kí ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jókòó."

A jókòó, títí kan onítáì. O fi ìka wá ara ògiri kiri nínú òkùnkùn títí o fi rí bọ́tìnnì agogo, o tẹ̀ ẹ́, o dúró, o tún tẹ̀ ẹ́. Agogo náà kò dún dáadáa. Nígbà náà lo ní, "Bàbá, ẹ yá mi ní bàtà yín kan." O fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, o dákẹ́, o tẹ́tí, o tún kàn án. Ẹnìkan dáhùn láti ìta. O sọ iye wa fún un, o ní kò sẹ́ni tó farapa, o ní kí wọ́n lọ pe àwọn tó ń tọ́jú lífítì. Lẹ́yìn náà lo dá bàtà padà fún Bàbá Àgbà, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Mo gbọ́ ọ nínú òkùnkùn tí ó ń sọ fún onítáì pé, "Ọmọ mi nìyẹn o."

Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó parí síbẹ̀, gbogbo wa ì bá rẹ́rìn-ín délé. Ṣùgbọ́n àwọn aláàánú kan dé sí ìta, wọn kò dúró de àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n ya ilẹ̀kùn fúnra wọn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀ wa. Ibẹ̀ la ti rí i pé àpótí lífítì tí a wà nínú rẹ̀ dúró sókè ju ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n wà lọ, tí àlàfo sì wà fún èèyàn láti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń nawọ́, wọ́n ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ fò, a máa gbà yín!"

Ó jọ ohun tó rọrùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí a ṣe ń bọ́ láti òkè àjà ilé wa nígbà tí a bá lọ kó àgbàdo ni: kí èèyàn jókòó sí etí rẹ̀, kí ó ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì rọra já. Láti kékeré ni Bàbá Àgbà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò lo àkàbà rí. Ohun tí òun kò rò ni pé lábẹ́ àjà tiwa, ilẹ̀ ló wà. Lábẹ́ àpótí yẹn, ihò ló wà, ó sì jìn dé ìsàlẹ̀ ilé. Ẹni tó bá já, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, inú ihò yẹn ló ń lọ.

Ó jókòó sí etí, ó ju ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ju bàtà síwájú, kí òun lè wọ̀ ọ́ bí òun bá délẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ balẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn tó wà níta. Ìkejì kan etí ilẹ̀, ó yí padà, ó sì wọ abẹ́ wa lọ. A kò gbọ́ nǹkan kan. A retí rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló wá dún nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò!

Bàbá Àgbà ní, "Bàtà lásán ni. Ẹ sún fún mi."

O kúnlẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bọ́ sílẹ̀. Ẹ dákun."

Ó ní, "Ìwọ Kẹ́hìndé ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ láti òkè? Kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń gun àjà!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún síwájú.

Ìgbà yẹn lo ké. Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé irú ohùn yẹn wà nínú rẹ. "Ẹ dákẹ́! Ẹ wọlé! Ẹ ò bọ́ síbì kankan!" O dì í mú ní ìbàdí láti ẹ̀yìn, o fà á, òun àti ìwọ ṣubú sórí iṣu, fìlà rẹ̀ yí lọ sọ́dọ̀ adìyẹ. Kó tó dìde, o ti jókòó sílẹ̀, o kó ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, o dì wọ́n mú pinpin.

Ó ń jà. Ó ní, "Tú mi sílẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Èmi ni ò ń ṣe báyìí fún lójú gbogbo ayé?"

O ní, "Mi ò tú yín sílẹ̀, Bàbá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbá mi létí. Mi ò tú yín sílẹ̀." Omi ń bọ́ lójú rẹ bí o ṣe ń sọ ọ́. Láti ibi tí o jókòó sí lo ti ń pàṣẹ fún àwọn ará ìta pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Onítáì tó ti ń múra láti tẹ̀lé Bàbá Àgbà padà jókòó bí ọmọ ilé kéú.

Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àpótí gbọ̀n, ó sì já wálẹ̀ lójijì, ó tún dúró. Ojú mi wà ní ibi tí Bàbá Àgbà ti ju ẹsẹ̀ sílẹ̀. Àlàfo tó wà níbẹ̀ padé, a kò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àyà rẹ, mo wo ibẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà. Mo ń kà á títí àwọn òṣìṣẹ́ lífítì fi dé, tí wọ́n ṣí i bó ti yẹ, tí o ní kí kálukú wo ilẹ̀ dáadáa kó tó gbé ẹsẹ̀, kí Bàbá Àgbà sì kọ́kọ́ jáde.

Ó jáde. Ó mú bàtà kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ẹni tó bá a he é, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò lọ rí ọ̀gá rẹ, kò mu omi rẹ. Àwa méjèèjì tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni iṣu àti adìyẹ wà. Nínú mọ́tò, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì ló pe àwọn àgbà ilé jọ. Ó ní ọmọ tí òun tọ́ ló ní kí òun dákẹ́ lójú àwọn àjèjì, ló wọ́ òun nílẹ̀ bí ewúrẹ́, nítorí náà kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò fà á fún ọkọ. Ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ nìyẹn, tí o fi ń gun àtẹ̀gùn tí o sì ń febi panú.

Wàyí o, gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi gan-an: o ṣe dáadáa. Mo ti bí ọmọ, mo ti rí ọmọ ọlọ́mọ, n kò tíì rí èyí tó ṣe ohun tó wù mí tó ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o mọ ìdí tí n kò fi dá sí i nígbà tí Bàbá Àgbà fẹ́ bọ́ sílẹ̀? Ó ti rí bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ nígbà náà. Èmi àti ìyá ọkọ mi, ìyá tó bí bàbá yín, ń bọ̀ láti oko ọ̀nà Ayétẹ̀, òjò sì ti rọ̀ lókè. A dé etí odò Ọ̀fìkì. Mo rí i pé àwọn òkúta tí a máa ń tẹ̀ ti rì, omi náà sì ti dúdú. Ìyá ní ká kọjá. Ìyàwó tuntun kì í dá ìyá ọkọ lóhùn, mo bá pa ẹnu mọ́, mo kúnlẹ̀ gbé ẹrù lé e lórí. Kò dé àárín tí omi fi gbé e. Àwọn apẹja ló fà á yọ nísàlẹ̀ odò, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú. Ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń fi omi gbígbóná jó o, ó bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé o ò rí i pé omi ti kún ni?" Mo ní, "Mo rí i, Ìyá."

Nítorí náà nígbà tí o ké mọ́ Bàbá Àgbà, tí àwọn ará ilé ń sọ pé èmi ni n kò kọ́ ọ, inú mi ń dùn ní ìkọ̀kọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. N kò mọ ibi tí o ti kọ́ ọ, mo kàn dúpẹ́ pé o mọ̀ ọ́n.

Mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀ fún ọ, kì í ṣe pé o nílò rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ni mí, n kò lè kọ ìwé gígùn báyìí kí n má gba ọmọ nímọ̀ràn.

Èkíní, padà wọ lífítì. Ọjọ́ tí o bá ka ìwé yìí tán ni kí o wọ̀ ọ́, má sún un síwájú. Ohun tí o sọ fún wa lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ padà fún ọ. Bí ó bá dúró, kì í ṣe pé ó fẹ́ já. Kí èèyàn má fò sókè, kí ó má jan ẹsẹ̀. Kí ó tẹ agogo, bí agogo kò bá dáhùn, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó sinmi, kí ó tẹ́tí, kí ó má fi igbe pa ohùn ara rẹ̀. Kí ó jókòó. Kí ó má fi ọwọ́ ya ilẹ̀kùn, bí ará ìta bá sì ṣí i fún un, kí ó má jáde àfi bí ilẹ̀ inú àti ilẹ̀ ìta bá dọ́gba tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ní ó yá. Ṣé mo gbà á bó ti yẹ? Mo ti kọ́ gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Kò sí lífítì ẹyọ kan ní gbogbo Ìbàràpá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e dé lọ́la, Pákò ti múra sílẹ̀.

Èkejì, o sọ fún mi bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé Bàbá Àgbà lọ́jọ́ náà pé bí iná bá ń jó tàbí tí èéfín bá wà nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má wọ lífítì, àtẹ̀gùn ni kí ó gbà. Ó dára. Tọ́jú àtẹ̀gùn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Má fi ìbẹ̀rù lò ó tán. Bí lífítì bá sì ti kún, dúró de èyí tó ń bọ̀. Ọ̀gá tó bá bínú pé o pẹ́, sọ fún un pé ìyá rẹ ló ní kí o dúró.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ló kù. Àwọn ará ilé fẹ́ kí o wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Wá kúnlẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ fún fìlà rẹ̀ tó bọ́, bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀yìn rẹ̀ tó lu iṣu, bẹ̀ ẹ́ fún "ẹ dákẹ́" tí o sọ, àgbà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bẹ̀bẹ̀ pé o fà á padà, dìde. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o dìde. Níbi tí ikú bá wà, ké mọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe èmi. Bí ewu bá ti lọ, kí o wá kúnlẹ̀. Kò sí èyí tó ń ba èkejì jẹ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Lásísì náà wà níbẹ̀ o. Ohùn tí o fi ké mọ́ Bàbá Àgbà yẹn, mo bẹ̀ ọ́, fi pamọ́ fún ibi tí ihò bá wà. Má fi bi ọkọ rẹ léèrè ẹni tó gbàgbé láti ra iyọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lè sá. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i tó fẹ́ ṣe ohun tí yóò pa á lára, tàbí tí yóò pa àwọn ọmọ tí ẹ máa bí lára, má wò ó pé ọkọ ni. Fà á ní ìbàdí.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ní mo máa dé orí ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

A bẹ Bàbá Àgbà títí. Táíwò torí rẹ̀ wá láti Èrúwà, ó kúnlẹ̀ fún un títí orúnkún fi pọ́n ọn. Kò dá a lóhùn. Èmi gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, ó ní ẹran ni òun dá lóhùn. Mo ti gbà pé ó parí, mo ti ń ro ẹni tí a máa bẹ̀ nínú ìdílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, mo ń gbálẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Bàbá Àgbà wọlé, ó gun òkè àjà lọ kó àgbàdo, bó ti máa ń ṣe. Ó ju àgbàdo sílẹ̀, mo ṣà á. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí etí àjà, ó ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti bọ́. Kò bọ́. Mo gbálẹ̀ tán, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo wòkè, mo rí i tí ó ń wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òógùn bò ó lójú.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì."

Mo ní, "Ẹ̀n, Bàbá."

Ó ní, "Wá bá mi di ẹsẹ̀ mi mú."

Mo sáré gbé àpótí, mo gun orí rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sì fi í lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó sórí àgbàdo. N kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Bàtà ọjọ́ yẹn, ṣé o gbọ́ bó ṣe pẹ́ kó tó dún?"

Mo ní mo gbọ́.

Ó ní, "Èmi náà ń gbọ́ ọ. Alaalẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ." Ó wá ní, "Ọmọ yẹn lágbára lọ́wọ́ o. Bí mo ṣe jà tó, kò jẹ́ kí n lọ."

Ẹ̀rù ń bà mí kí n má ba ohun tó ń bọ̀ jẹ́. Ó ní òun kò lè wọ bàtà kan ṣoṣo jókòó níwájú lèmọ́mù àti àwọn àna. Ó ní kí o bá òun ra òmíràn ní Ìbàdàn, kí o mú un dání bí o bá ń bọ̀ fún ètò yìgì, àti pé òwú ìránṣọ wo ló wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi wọn ẹsẹ̀ òun. Bí mo ṣe mú òwú dé, ó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ẹsẹ̀ kan náà tí o dì mọ́ àyà. Mo wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ-ìka ńlá, mo ń kánjú, ó ní kí n farabalẹ̀, kí o má lọ ra bàtà ọmọdé fún òun.

Òwú náà wà nínú ìwé yìí, mo ta á ní kókó ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé. Ó ní kí n rán ọ létí pé kí o wá èyí tí kì í dún.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, ìyá rẹ tó jókòó tì ọ́ lórí iṣu lọ́jọ́ náà.